Igi Orí Ìwọ́ Tiwalọlá

Agboolé Ògúnsànyà,
Etí Omi, Èjìnrìn.
Ọjọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n kírun tán.

Adétúnjí ọmọ mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìrìn ojú omi tí ò ń rìn láràárọ̀ láti Èbúté Ìkòròdú lọ sí Èkó, Ọlọ́run tó ni omi kò ní jẹ́ kó bínú sí ọ. Mo kí Jọláolúwa ìyàwó mi, mo kí i kú ìtọ́jú ilé, kó má ṣe rẹ̀ ẹ́. Mo kí Tiwalọlá ọmọ ọmọ mi, èyí tó fi ojú jọ mí tó sì fi orí kunkun jọ bàbá rẹ̀. Ẹ kò ní ṣàìsàn, ẹ kò ní ṣòfò, ibi tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ̀, ire ni yóò máa pàdé yín. Tí o bá béèrè wa, a wà, a dúpẹ́, àfi ẹ̀yìn tó ń dùn mí, ìyẹn náà kì í sì í ṣe àìsàn, igi rẹ ló fà á, òun gan-an ni mo sì torí rẹ̀ jókòó kọ lẹ́tà yìí.

Má bínú pé mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo ti pè ọ́. Lákọ̀ọ́kọ́ o ní o wà nínú ìpàdé ibi iṣẹ́. Lẹ́ẹ̀kejì o ní Màámi, ẹ jẹ́ n pè yín padà, mo sì gbé fóònù sórí itan mi láti ìgbà náà títí di ìrọ̀lẹ́, mi ò tilẹ̀ wẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, kí o má lọ pè nígbà tí ọṣẹ bá wà lójú mi. O kò pè. Mi ò fi ṣe ìbínú, mo mọ̀ pé iṣẹ́ Èkó kì í jẹ́ kí ènìyàn mí. Ṣùgbọ́n lẹ́tà dára jù, ẹni tó bá gbé e lọ́wọ́ kò lè sọ fún un pé kó jẹ́ kóun pè é padà.

Nǹkan ilé ń lọ díẹ̀díẹ̀. Tìrìmísíyù àbúrò bàbá yín ti ra ẹ̀rọ tuntun sí ọkọ̀ ojú omi rẹ̀, òun ni yóò bá mi gbé lẹ́tà yìí dé Ìpakodò lọ́dọ̀ yín ní Ìkòròdú nígbà tó bá kó ẹja lọ. Ọkọ mi ni, mi ò gbọdọ̀ fi ẹnu mi pè é lórúkọ, láti ọjọ́ tí mo ti wọlé bí ìyàwó ni mo ti ń pè é ní Akọ̀wé, ṣùgbọ́n báírò kì í ṣe ẹnu, mo rò pé mo lè kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Morìnsọ́lá, ti parí ìwé girama, òun ló ni fóònù olójú ńlá tí a fi ń rí yín. Ògiri Akọ̀wé tó kọjú sí tiwa ti wó lápá kan. Igi rẹ ló wó o. Kò bá mi jà, ó kàn dúró níwájú ògiri náà, ó ní ìyàwó wa, ẹ kú àlejò. Ìyẹn dùn mí ju ìjà lọ.

Ṣé o rántí ọjọ́ tí ẹ mú ìwọ́ Tiwalọlá wálé? Inú ike ìpara ni Jọláolúwa gbé e sí, ó fi òwú bò ó, mo sì gbé e sínú ìkòkò kékeré tuntun bí a ti í ṣe. Àgbọn là ń gbìn lé ìwọ́ ọmọ nínú agboolé yìí. Tìrẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga yẹn. Ti bàbá yín ni èyí tó gbẹ lórí ìdúró lọ́dún tó fi wá sílẹ̀. Mi ò sọ pé èyí ló fa èyí o, Áfáà ní kí n má sọ bẹ́ẹ̀ mọ́, ṣùgbọ́n ojú mi ni mo fi rí i. Lọ́jọ́ náà, kò sí àgbọn tó ti hù nílẹ̀. Mo ní ká ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìwọ ní iṣẹ́ ń dúró dè ọ́, lo bá ṣí ẹ̀yìn ọkọ̀, o gbé igi kan jáde nínú ọ̀rá dúdú, èyí tí o rà lọ́wọ́ àwọn tó ń ta òdòdó lójú títì Ìkòròdú, tí o fẹ́ gbìn síwájú ilé kí ilé wa lè jọ ilé ọ̀gá rẹ. O ní Màámi, igi ni gbogbo wọn ń jẹ́. O gbẹ́ ihò, o gbé ìkòkò sí i, o gbin igi lé e. Ọmọ tuntun wà lọ́wọ́ mi, ó ń la ojú wò mí, tó bá jẹ́ òpó iná lo fẹ́ rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ mi ò bá gbà. Nítorí náà ẹ̀bi mi wà níbẹ̀.

Lọ́dún àkọ́kọ́, ó dára. Ó yọ òdòdó pupa rúsúrúsú, àwọn tó ń lọ sọ́jà a dúró wò ó, mo sì ń fi yangàn pé ọmọ mi ló rà á. Ọdún kẹta ló bẹ̀rẹ̀ sí í fi ara rẹ̀ hàn. Ó ń yọ òdòdó, kò so ohun tí ẹnu ń jẹ. Ó ní ewé, ewúrẹ́ kò jẹ ẹ́. Mo fi ẹ̀ka rẹ̀ dáná, èéfín rẹ̀ lé mi jáde nílé ìdáná. Ewúro mi kú sábẹ́ rẹ̀, ẹ̀fọ́ ṣọkọ̀ kú. Iṣẹ́ kan ṣoṣo tó mọ̀ ni kó máa já ewé sílẹ̀ fún ìyá arúgbó láti gbá, tí mo bá gbá a láàárọ̀, kí n tó kírun ọ̀sán yóò ti dà bí ẹni pé mi ò mú ìgbálẹ̀ rí. Ibi tí gbòǹgbò rẹ̀ bá sì dé ni ó ti ń bí ọmọ. Ó bí sí ilé ìdáná, ó bí sí balùwẹ̀. Lọ́jọ́ kan mo jí, mo rí ọ̀kan tó la símẹ́ńtì yàrá, ibi tí bàbá yín máa ń bọ́ bàtà sí gẹ́lẹ́ ló ti yọrí, ó ní ewé méjì. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń wò ó, omi sì ń bọ́ lójú mi, mi ò mọ ẹni tí mò ń sunkún fún.

Èyí tí mi ò lè fara dà ni ti kànga. Gbòǹgbò ti wọ inú rẹ̀, rìǹgì símẹ́ńtì méjì ti là, omi ń rùn. Kànga tí bàbá yín fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbẹ́. Ẹ̀rọ omi ìta mọ́ṣáláṣí ni mo ti ń pọn omi báyìí, garawa kékeré, ìsinmi mẹ́ta kí n tó délé. Akọ̀wé ní tí òjò ńlá bá fi bá a báyìí, gbogbo kànga náà yóò ya lulẹ̀.

Ìwọ náà mọ̀ pé a kì í ṣàdédé gé igi tó wà lórí ìwọ́. Ẹni tó ni ìwọ́ ni yóò fi ọwọ́ ọ̀tún kan igi, tí yóò yọ̀ǹda rẹ̀ lẹ́nu ara rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó gbé ayùn sí i. Mo sọ fún ọ nígbà tí rìǹgì kànga là pé kí o mú Tiwalọlá wá. O ní ó ń ṣe ìdánwò. Ó ṣe ìdánwò tán, o ní ẹ ń lọ kí àwọn àna rẹ. Ẹ dé, o ní Iléyá. Iléyá dé, o fi owó àgbò ránṣẹ́. Mo jẹ àgbò náà o, Ọlọ́run yóò san án fún ọ, ṣùgbọ́n àgbò kò lè fọwọ́ kan igi.

Mo bá ní kí n ṣe èyí tí mo lè ṣe. Kabir, ọmọkùnrin tó ń fi ayùn ẹlẹ́ńjìnnì gé igi, ní òun kò lè gé irú igi ńlá bẹ́ẹ̀ láìgba ìwé ní ọ́fíìsì ìjọba, kí wọ́n má lọ gba ayùn òun. Mo wọ bùbá àti ìró tí o rà fún mi, mo lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Ẹwàolúwa, ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ni, ó kúnlẹ̀ kí mi kó tó fún mi ní fọ́ọ̀mù. Ó fẹ́ bá mi kọ ọ́, mo ní rárá, mo kàwé dé ìwé kẹfà. Wọ́n béèrè orúkọ ẹni tó ni igi, mo kọ Tiwalọlá. Wọ́n béèrè ọjọ́ orí, mo kọ ọdún méje. Wọ́n béèrè iṣẹ́, mo kọ pé ó wà ní praimárì. Wọ́n béèrè ìdí tí a fi fẹ́ gé e, ìlà kan ṣoṣo ni wọ́n fi sílẹ̀ fún un, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ náà pọ̀, mo bẹ̀rẹ̀ lórí ìlà náà, mo yí ìwé, mo kọ ọ́ gba etí rẹ̀ lọ́tùn-ún lósì, lókè nísàlẹ̀, títí mo fi padà débi tí mo ti bẹ̀rẹ̀. Mo dárúkọ ewúro mi pẹ̀lú.

Wọ́n tún ní kí a lẹ fótò pásípọ́ọ̀tù méjì mọ́ ọn. Ìyẹn bá mi lára mu, ẹni tí wọ́n bá fẹ́ dájọ́ ikú fún, ó yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ rí ojú rẹ̀. Mo padà sílé, mo ránṣẹ́ pe onífótò. Ó ní pásípọ́ọ̀tù igi kọ́, òun kò yà á rí, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pásípọ́ọ̀tù ni, ẹ̀yìn rẹ̀ gbọ́dọ̀ funfun, láti àyà dé orí ló sì gbọ́dọ̀ hàn. A jọ wo igi náà títí, a fẹnu kò pé ibi tó ti kọ́kọ́ pín ẹ̀ka ni àyà rẹ̀. Akọ̀wé gun àkàbà lápá kan, Kabir gùn ún lápá kejì, wọ́n na aṣọ bẹ́ẹ̀dì mi funfun sẹ́yìn rẹ̀, afẹ́fẹ́ inú ọ̀sà fẹ́ ẹ bo Akọ̀wé lójú lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó rí i yà. Nígbà tí mo gbé e dé ọ́fíìsì, Ẹwàolúwa wò ó pẹ́, ó dìde wọ yàrá ẹ̀yìn, mo rí i tí èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Mo rò pé ó ń sunkún ni, pé ọ̀rọ̀ mi wọ̀ ọ́ lára. Ìgbà tó jáde ló ní fótò tèmi ni wọ́n ń béèrè, ó fi fóònù ara rẹ̀ yà mí lórí ìjókòó. Ó ní ọmọ ọdún méje kò lè ni igi lójú ìjọba, ó fẹ́ fi báírò dábùú orúkọ Tiwalọlá. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má dá orúkọ ọmọ lábùú, kó jọ̀ọ́ kó kọ tèmi sókè rẹ̀. Ó gbà. Kí Ọlọ́run fún un ní ọkọ rere.

Ìwé jáde, ó wá ku ọwọ́ ọmọ. Ọjọ́ Sátidé tí Morìnsọ́lá pè yín lórí fóònù rẹ̀, tí gbogbo rẹ̀ ṣàdédé ṣókùnkùn, tí o ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì Èjìnrìn kò dára, jẹ́ kí n sọ òtítọ́ fún ọ lónìí. Kò sí ohun tó ṣe nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Èmi ni mo gbé fóònù náà lé igi. Mo ní kí Tiwalọlá gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sókè, ó gbé e, àtẹ́lẹwọ́ náà kún ojú fóònù, mo rí gbogbo ìlà inú rẹ̀, ni mo bá sáré, èmi tí mi ò sáré láti ọdún tí a sin bàbá yín, mo gbé e mọ́ èèpo igi náà, mo sì kà á dé eéje nítorí ọdún méje. Ò ń pariwo lára igi pé Màámi, a ò rí yín mọ́. Jọláolúwa ní bóyá dátà ló tán. Ọmọ náà ní ó ṣókùnkùn. Mo wí fún un láti ẹ̀yìn pé kó sọ fún igi pé òun yọ̀ǹda rẹ̀, ó ní bái-bái. Mo gba bái-bái náà bẹ́ẹ̀. O fi owó dátà ránṣẹ́ lọ́jọ́ kejì, mo fi ra àlùbọ́sà.

Kabir gé e ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Nígbà tó wó, ojú ọ̀run ṣí sí àgbàlá wa, oòrùn bọ́ sára àgbọn tìrẹ tí òjìji rẹ̀ ti bò láti ọjọ́ yìí. Mo ti ní àgbọn kan tó ti hù nínú ìkòkò fífọ́, mo gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ kùkùté náà fún Tiwalọlá. Mo sùn lọ́jọ́ náà bí ọmọ ọwọ́. Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ, òjò kan ṣoṣo rọ̀, mo jáde pẹ̀lú kẹ́tùlù àlùwàlá mi, mo rí wọn. Wọ́n hù lórí kùkùté bí irun orí. Wọ́n yí àgbọn kékeré náà ká. Ọ̀kan ti inú kànga yọrí síta. Mo kà wọ́n dé mẹ́tàlélógún, mo ṣíwọ́, mo gbé kẹ́tùlù sílẹ̀, mi ò tètè rántí ohun tí mo jáde wá ṣe.

Kabir ní bí igi náà ṣe rí nìyẹn, tí a bá gé orí rẹ̀, gbòǹgbò ni yóò gbèjà. Ó ní kí a da kẹrosín àti epo ẹ̀ńjìnnì sí i, tàbí kí a jó táyà lórí rẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Mo bi í pé ṣé òun lè da kẹrosín sórí ìwọ́ ọmọ tòun. Ó gbé gálọ́ọ̀nù rẹ̀ sílẹ̀. Morìnsọ́lá bá mi pe Ẹwàolúwa, òun náà ní a lè hú gbogbo gbòǹgbò rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kò ní oògùn mìíràn tó rọrùn. Nítorí náà mo ti mú ọkọ́. Láràárọ̀, kí oòrùn tó mú, mo máa ń walẹ̀ díẹ̀, mo sinmi díẹ̀. Ọwọ́ mi kò sì lè le, torí pé gbòǹgbò ti ti ilẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún, mi ò mọ ibi tí ìkòkò náà wà mọ́, tí ọkọ́ bá ti ró lára òkúta báyìí, màá gbé e sílẹ̀ kí n fi ọwọ́ tú ilẹ̀ wò bóyá ìkòkò ni. Ìwọ lo gbẹ́ ihò náà, Adétúnjí. Ìwọ nìkan lo mọ ibi tó jìn dé.

Mo ti rò ó lórí ìjókòó, lórí ìdùbúlẹ̀. Mo mọ ohun tí Kabir sọ, mo sì mọ ohun tí ọmọ ọ́fíìsì sọ, ṣùgbọ́n èmi mọ ohun tí mo ṣe. Ọwọ́ inú fóònù kọ́ ni ọwọ́. Nígbà tí mo gbé e mọ́ igi, dígí ló kàn án, dígí tútù. Igi náà kò rí ẹni tó yọ̀ǹda rẹ̀, kí ló fẹ́ torí rẹ̀ lọ? Èmi náà tí mò ń fi ẹnu ko fóònù yẹn tí ẹ bá ti pè, dígí ni mò ń fẹnu kò. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti fọwọ́ kan ọmọ náà kẹ́yìn, kò tíì lè sáré dáadáa nígbà yẹn. Mo sì rí i pé ó ti ká eyín iwájú. Ta ló gba eyín náà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ló jù ú sórí òrùlé fún un?

Akọ̀wé ní tí omi bá dákẹ́, láti ọ̀dọ̀ wa dé Ìpakodò kò ju kí ẹ̀wà jinná lọ. Omi ẹ̀yìnkùlé mi ni omi tí ò ń gùn lọ síbi iṣẹ́. Ẹja tó bá gba ibí kọjá láàárọ̀ lè dé ọ̀dọ̀ yín kó tó di ọ̀sán, mi ò mọ ohun tó ṣòro fún ènìyàn nínú ọ̀nà náà. O kò burú sí mi o, mi ò jẹ́ sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ báǹkì ní Ẹ̀pẹ́ ń san owó rẹ fún mi lóṣooṣù, kì í falẹ̀, mo sì máa ń kí i kí n tó fà á. Kò béèrè rí bóyá mo sùn.

Owó tí mo fẹ́ báyìí kò pọ̀. Mo fẹ́ owó rìǹgì kànga méjì, mo fẹ́ owó ẹni tí yóò bá mi hú gbòǹgbò, kí o sì fi ti aṣọ bẹ́ẹ̀dì funfun kan kún un, nítorí oje igi ti ba tèmi jẹ́ níbi pásípọ́ọ̀tù. Má fi í sí báǹkì. Dì í sínú áńkáṣífù, fi lé Tiwalọlá lọ́wọ́ ọ̀tún, kí ìwọ àti òun àti ìyá rẹ̀ wọ ọkọ̀ Akọ̀wé. Máa rí i pé ọmọ náà ló di owó náà mú títí ẹ ó fi gúnlẹ̀, kí n lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o fi ọwọ́ ara rẹ gbin ohun tí yóò lé ọ nílé. Àgbọn rẹ yóò tún so. Ọmọ rẹ yóò mọ ọ̀nà ilé rẹ ní ọjọ́ alẹ́ rẹ, kò ní máa ti inú dígí kí ọ. Àmín, àmín.

Èmi ni ìyá rẹ,
Rodiat Ògúnsànyà.

Fi ìsàlẹ̀ ìwé yìí han Tiwalọlá. Mo gbé ọwọ́ ọ̀tún mi lé e, mo fi báírò yí i ká, èyí tó wọ́ yẹn, orí ìka tí ọkọ́ bó ni. Kó gbé tirẹ̀ lé e. Mo mọ̀ pé ọwọ́ inú ìwé náà kọ́ ni ọwọ́, ṣùgbọ́n ó ṣeé fi wọn nǹkan. Tí tirẹ̀ bá ṣì kéré púpọ̀ sí tèmi, ẹ wá ní Sátidé. Tó bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi, Adétúnjí, ẹ má dúró de Sátidé.